Wọ́n Kọ Ọ́ Sílẹ̀, A Ò Sì Mọ̀ Ọ́n

Tí ẹnìkan bá fẹ́ kúrò níbi iṣẹ́, ohun tí ọ̀gá máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé o ti kọ handover?" Handover ni ìwé téèyàn fi ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó máa gbà á. Bó bá ti ní òun ti kọ ọ́, ọkàn gbogbo wa balẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á gbé e sórí Google Drive, ó parí. Ohun tá a gbà gbọ́ ni pé ohun tá a bá ti kọ sílẹ̀, a ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo tiẹ̀ máa ń bínú sí àwọn tí kì í fẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀.

Bọ̀dá kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ ojú ìwé 40 kalẹ̀ kó tó lọ. Ìwé náà dáa, ó ní àwòrán. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ìnfọ́ìsì tá a fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì padà wá lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tí ìwé wí la ṣe. Nígbà tó sú wa, a pe bọ̀dá lórí fóònù. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò kọ́kọ́ gòkè lọ sọ fún Màmá tó wà ní àkáǹtì ni? Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ kí aago mẹ́wàá tó lù." A ní kí ló dé tí kò kọ ìyẹn síbẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé nǹkan téèyàn ń kọ ni.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ohun tó ti mọ́ni lára, ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, àfìgbà tẹ́nìkan bá béèrè.

Ilé-iṣẹ́ Xerox ní Amẹ́ríkà rí irú èyí láàárín ọdún 1980 sí 1989. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì láti tún ẹ̀rọ fótókọ́pì ṣe, wọ́n sì kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún wọn: bí ẹ̀rọ bá gbé nọ́ńbà báyìí jáde, ṣe báyìí, bí kò bá gbọ́, ṣe tọ̀hún. Wọ́n rò pé ẹni tó bá ti lè kàwé, iṣẹ́ ti tán. Julian Orr, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣe àti àṣà ẹ̀dá, wá ń tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ náà kiri. Ohun tó rí yàtọ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀, nọ́ńbà tó ń gbé jáde a sì máa purọ́ nígbà mìíràn. Tí iṣẹ́ bá ta kókó, wọ́n á pe ara wọn, àwọn méjì á dúró ti ẹ̀rọ náà, wọ́n á máa pìtàn. "Èyí tí mo bá pàdé lọ́jọ́sí, ohun tó ń ṣe nìyí." "Rárá o, tèmi ò ṣe bẹ́ẹ̀." Ìtàn á máa fa ìtàn títí wọ́n á fi rí ibi tí àrùn wà. Ìdí oúnjẹ àárọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti ń jáde jù. Ọ̀gá tó ń ka wákàtí á ní wọ́n ń ṣeré. (Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì rí kò ní bá mi jiyàn: ọmọ iṣẹ́ tó ń na sípánà sí ọ̀gá ló ń gbọ́ bí ọ̀gá ṣe ń bá ẹ́ńjìnnì wíjọ́.)

Ẹlòmíràn á ní bóyá ìwé wọn ni ò yé èèyàn. Ó dáa. Ní July 31, 1985, Roger Boisjoly, ẹnjiníà ní Morton Thiokol tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì fún NASA, àjọ tó ń rí sí ìrìn àjò sójú ọ̀run ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé sáwọn ọ̀gá rẹ̀ pé rọ́bà tí wọ́n fi dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì lè já wọn kulẹ̀, ẹ̀mí sì lè lọ sí i. Ìwé wo ló tún fẹ́ yéni jùyẹn? Lálẹ́ January 27, 1986, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un sọ pé kí wọ́n má jẹ́ kí Challenger, ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ sójú ọ̀run, fò nínú òtútù yẹn. Ọ̀gá kan wá sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé kó ṣí fìlà ẹnjiníà, kó dé ti ọ̀gá. Lọ́jọ́ kejì, Challenger fọ́ lójú ọ̀run láàárín ìṣẹ́jú àáyá 73 tó gbéra, àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì yéni, síbẹ̀ kò dá àwọn ọ̀gá dúró.

Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ dáná sun ìwé o. Xerox náà padà sídìí àkọsílẹ̀, àmọ́ wọ́n gbà á ọ̀nà mìíràn. Eureka lorúkọ ètò náà. Ilẹ̀ Faransé ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe gan-an ló ń kọ ohun tí wọ́n rí síbẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ á sì wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé ká máa fowó tọrẹ fáwọn tó bá kọ nǹkan jẹ yọ, àmọ́ orúkọ yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ náà fara mọ́.

Níbi iṣẹ́ tiwa, a ṣì ń kọ handover. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ á jọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tuntun á máa bi í ní ìbéèrè, kódà èyí tó dà bí ti ọmọdé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì á jọ gòkè lọ kí Màmá.