Kọnkéré kọ́ ló ń lé àgbàrá lọ o

Ẹ̀yin èèyàn wa n'Íjẹ̀bú, kí Iléyá tó tún dé tí kálukú á máa sáré tún ilé ṣe de Ojúde Ọba, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ kọnkéré yìí. Ohun tí gbogbo èèyàn gbà ni pé tóo bá ti da kọnkéré látẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé, wàhálà omi òjò tán nìyẹn. Irọ́ ni jàre.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Òjò tó rọ̀ tó mìlímítà kan sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, omi lítà kan nìyẹn. Pulọ́ọ̀tì fíìtì 60 sí 120 lé ní 660 irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí òjò oṣù kẹfà kan bá wá rọ̀ tó mìlímítà 50, omi tó bọ́ sórí pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, òrùlé àti ilẹ̀ pọ̀, lé ní lítà 33,000, ó ju tánkà omi mẹ́ta tó ń gbé lítà 10,000 lọ, abẹ́ géètì ni gbogbo ẹ̀ sì máa gbà jáde. Tí gbogbo àdúgbò bá wá da kọnkéré bẹ́ẹ̀, gọ́tà wo ló fẹ́ gbà á? Wọ́n ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Tiwa ni pé onílé ò gbà, ó wá darí ẹ̀ sílé aládùúgbò. Títì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ létí, a ó wá máa bú ìjọba (ẹ bú wọn náà ṣá, wọ́n jẹ̀bi tiwọn).

Ó tún wá jẹ́ pé ilẹ̀ pupa oníyanrìn tó ń mumi dáadáa ló pọ̀ nílẹ̀ wa. Omi tó bá mu yẹn ló ń dé inú kànga. Èèyàn á bo ilẹ̀ pa, tó bá dẹ̀ẹ̀rùn á ní kànga òun gbẹ.

Ní Curitiba ní Brazil, nígbà tí Jaime Lerner ń ṣe olórí ìlú, páàkì ni wọ́n fi etí odò ṣe kí omi lè ríbi tẹ́ sí tó bá kún, páàkì Barigui tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ti wà láti 1972. China náà mú ìlú 16 lọ́dún 2015 láti fi dán an wò kí ilẹ̀ ìlú lè máa fa omi bíi kànrìnkàn.

Ẹni tó bá ní intalọ́ọ̀kì lòun tẹ́, ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ. Tí wọ́n bá po sẹ́mẹ́ńtì sábẹ́ ẹ̀, tí wọ́n tún fi dí ojú rẹ̀ pa, kí ló fi yàtọ̀ sí kọnkéré? Orí yanrìn ni kí wọ́n tò ó sí, yanrìn náà ni kí wọ́n fi dí àárín ẹ̀, ibi tí mọ́tò ń gbà nìkan sì ni. Ẹsẹ̀ ògiri lè gba kọnkéré díẹ̀ kí òjò má baà máa ta ẹrẹ̀ sí i. Omi òrùlé, ẹ gbè é sínú táǹkì, tàbí kẹ́ ẹ gbẹ́ kòtò tẹ́ ẹ rọ òkúta sí, kó jìnnà sí fandéṣọ̀n àti sọkawéè. Ibi tó kù, koríko.

Mo ti mọ̀ pé ẹnì kan á ní koríko ń pe ejò. Igbó àti pàǹtírí lejò ń wá, ẹ ṣáà ti máa gé e.