Fọ́máàtì kọ́ ló ń wo kernel panic sàn

Mo tún rí i lánàá. Ẹnì kan to kọ̀ǹpútà Linux fúnra ẹ̀, ó gbé e sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó fi Kodi sórí ẹ̀ kó lè máa wo fíìmù, àmọ́ tí fíìmù bá ti dé àárín, àwòrán á kàn dúró gbagidi, ohùn á há sójú kan, ìgbà míì sì rèé síkírínì á ṣókùnkùn, lẹ́tà funfun á kún un, ìlà tó gbẹ̀yìn á wá kà pé "Kernel panic - not syncing", ìyẹn ni pé kernel, ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, ti bá ohun tí kò lè borí pàdé, ó sì dáṣẹ́ dúró. Ó béèrè ohun tóun lè ṣe. Èsì àkọ́kọ́ tó rí gbà: "Linux ẹ ti bàjẹ́, fọ́máàtì ẹ̀, fi òmíì sí i." Ẹnì kejì gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹnì kẹta ní òun náà ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lọ. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ni log, ìwé tí ẹ̀rọ ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí, sọ, kò sẹ́ni tó dárúkọ RAM, ìyẹn mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó béèrè irú páwà sọ́pláì tó fi ń fún ẹ̀rọ níná. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti sú mi, torí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nǹkan yìí ló ń jìyà ẹ̀. Wọ́n á fọ́máàtì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún un ṣe, kò ní lọ, wọ́n á wá ní Linux ò dáa, wọ́n á pa á tì.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni fọ́máàtì ń ṣe gan-an? Ó ń nu dísíìkì, ó wá ń kó fáìlì padà síbẹ̀. Tí nọ́ńbà kernel tẹ́ ẹ ní tẹ́lẹ̀ àti tèyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà bá dọ́gba, láti orísun kan náà, ìkan náà ni wọ́n, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà yín pé fáìlì kan ti bàjẹ́, ẹ ò nílò láti nu ohunkóhun kẹ́ ẹ tó mọ̀. Oríṣiríṣi Linux ló wà: lórí Debian àtàwọn tó jáde lára ẹ̀, ẹ tẹ `dpkg --verify`, lórí Fedora ẹ tẹ `rpm -Va`. Á yẹ fáìlì kọ̀ọ̀kan wò, á fi wéra pẹ̀lú bó ṣe wà nígbà tí wọ́n kó o wọlé, á sì dárúkọ èyí tó bá ti yí padà. Tí kò bá mú nǹkan míì wá ju fáìlì sétíńgì tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín yí, ó ti tán nìyẹn, fáìlì tó dáa lẹ fẹ́ fi rọ́pò fáìlì tó dáa. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Èyí tó tiẹ̀ ń bí mi nínú jù ni pé fọ́máàtì ń nu ẹ̀rí. Ohun tí kernel sọ kó tó kú, inú `/var/log/journal` ló sábà máa ń wà, ẹ kàn máa tẹ `journalctl -k -b -1` lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tún ẹ̀rọ tàn, á sì kó gbogbo ohun tí kernel sọ lákòókò tó kọjá síwájú yín. Tí fódà yẹn ò bá sí, inú RAM ni log ń wà, ó sì ń lọ tí iná bá ti lọ, torí náà ẹ fọwọ́ ara yín ṣẹ̀dá fódà yẹn, kẹ́ ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Ẹni tó fọ́máàtì ti nu ìwé tó máa sọ ohun tó pa ẹ̀rọ ẹ̀ fún un, ó wá jókòó, ó ń dúró dìgbà tó máa tún kú.

Ẹ jẹ́ n fi nǹkan tí mo rí pẹ̀lú ojú mi hàn yín. Kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n fọ́máàtì, mi ò dá wọn lóhùn, log ni mo ṣí. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó kà pé "general protection fault, probably for non-canonical address", àdírẹ́sì tó tẹ̀ lé e sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `fffb8880`. Ẹ wò ó dáadáa. Lórí irú kọ̀ǹpútà 64-bit tá à ń lò nílé, àdírẹ́sì tí kernel ń fi mú mẹ́mọ́rì tiẹ̀, `ffff` ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Tèmi ní `fffb`. Lẹ́tà f kan ti di b. Tẹ́ ẹ bá tú f sí bíìtì, 1111 ni, b sì jẹ́ 1011, ìyẹn ni pé nínú bíìtì 64, ẹyọ kan ṣoṣo ló já láti 1 sí 0, gbogbo ìyókù pé. Ẹni tó kọ kódù burúkú lè ba àdírẹ́sì jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tírú kódù bẹ́ẹ̀ ń fi síbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ òdo tàbí pàǹtírí pátápátá, kì í jókòó yọ bíìtì kan láàárín nọ́ńbà tó pé.

Nǹkan míì tí mo tún rí ni pé ibi tó ń kú sí ò jọra. Lónìí á kú sínú kódù ext4 tó ń tọ́jú fáìlì sórí dísíìkì, lọ́la á jẹ́ nínú nẹ́tíwọ̀kì, lọ́jọ́ míì á jẹ́ nínú dráífà tó ń gbé àwòrán jáde. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí Linux mọ àmì yìí dáadáa, láti ayé ìgbà tí wọ́n máa ń fúnra wọn ṣe compile kernel (kí wọ́n sọ kódù ẹ̀ di ohun tí ẹ̀rọ lè lò) ni wọ́n ti ń sọ ọ́: tó bá ń kú síbì kan náà ní gbogbo ìgbà, ẹ fura sí software, àmọ́ tó bá ń kú káàkiri, ẹ lọ wo ara ẹ̀rọ.

Mo wá gbé memtest86+, ohun tó ń dán RAM wò, sórí fíláàṣì, mo fi tan ẹ̀rọ, mo lọ sùn. Nígbà tí mo jí, pupa ti kún ojú síkírínì. Ohun tó ń retí ni `ffffffffffffffff`, ohun tó bá níbẹ̀ ni `fffbffffffffffff`. Bíìtì kan náà! Ibi kan náà tí f ti di b nínú log! Ẹ ò ní sọ fún mi pé Linux ló bàjẹ́, torí memtest ò mọ̀ bóyá Linux wà láyé, òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, dísíìkì tiẹ̀ lè má sí lára ẹ̀rọ rárá.

Kí n tó rí RAM míì, mo fi `memmap=` sí ìlà tí kernel fi ń gbéra, mo sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan agbègbè tí memtest dárúkọ yẹn, ẹ̀rọ sì dákẹ́, fíìmù ń lọ geere. Lẹ́yìn náà ni mo yọ RAM tó bàjẹ́ yẹn tí mo sì fi tuntun sí i. Linux kan náà, kernel kan náà, dísíìkì kan náà tí wọ́n ní kí n nù ló ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, panic ò yọjú mọ́. Kí lẹ fẹ́ kí n fi ṣe ẹ̀rí tó jùyẹn lọ?

Tẹ́ ẹ bá ní tèmi nìkan nìyẹn, ẹ wo ti Google. Lọ́dún 2009, Bianca Schroeder àtàwọn èèyàn Google méjì gbé ìwádìí kan jáde lórí RAM inú àwọn sáfà ilé iṣẹ́ náà. RAM tó ju ìdá 8 nínú 100 lọ ló ń ṣe àṣìṣe lọ́dọọdún, tá a bá sì ka odindi ẹ̀rọ, ó tó nǹkan bí ìkan nínú mẹ́ta. RAM sáfà nìyẹn o, tó ní ECC, tó lè rí àṣìṣe kó sì tún un ṣe. RAM inú kọ̀ǹpútà tá a tò sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, èyí tó pọ̀ jù ò ní ECC, ó máa ṣe àṣìṣe, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Microsoft náà ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2011, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn lásán ni wọ́n wò, Windows sì ni gbogbo wọn ń lò. Nínú àwọn tó ti ṣiṣẹ́ fún àpapọ̀ ọjọ́ 30 ó kéré tán, láàárín oṣù 8, nǹkan bí ìkan nínú 190 ni CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ) àtohun tó yí i ká mú kó kú. Àmọ́ èyí tó bá ti kú bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí ìkan nínú mẹ́ta wọn ló tún ń kú. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́: ẹ̀rọ tó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan rọrùn kó tún un ṣe ju èyí tí kò ṣe é rí lọ. Kò sì sí Linux níbẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn RAM, páwà sọ́pláì. Ọ̀rẹ́ mi kan bọ́ láti Ubuntu sí Fedora, ó tún bọ́ sí Arch, gbogbo wọn ń kú nígbà tí fíìmù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí káàdì àwòrán bá fa iná lójijì. Mo yọ páwà sọ́pláì ara ẹ̀rọ mi, mo fi sí tiẹ̀, wàhálà parí. Ìlànà ATX tí wọ́n fi ń ṣe páwà sọ́pláì ní kí wáyà 12V máa wà láàárín 11.4 sí 12.6, tiẹ̀ ń já wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ tí iṣẹ́ bá ti pọ̀, nígbà tá a sì tú u, orí àwọn kápásítọ̀ inú ẹ̀ ti wú. Ẹni tó ń lo Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, tiẹ̀ ní oore-ọ̀fẹ́, òun fúnra ẹ̀ máa ń kìlọ̀: tí iná bá ti lọ sísàlẹ̀ 4.63V, á kọ "Under-voltage detected!" sínú log, tẹ́ ẹ bá sì tẹ `vcgencmd get_throttled`, `0x0` ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Tẹ́ ẹ bá rí `0x50000`, iná ti já wálẹ̀ rí látìgbà tẹ́ ẹ ti tàn án. Ẹ wá ṣája àtàwọn wáyà tó dáa, ẹ yé fọ́máàtì káàdì SD.

"Àmọ́ mo fọ́máàtì tèmi, ó sì lọ." Mo gbọ́. Nígbà tẹ́ ẹ fọ́máàtì, kernel tuntun lẹ gbé wọlé, dráífà tuntun sì bá a wá, ẹ ò bá kàn ṣe update. Tàbí kí ohun tí kernel ń kó sórí ibi tó bàjẹ́ lára RAM ti yàtọ̀, ó wá jẹ́ pé nǹkan tí kò ṣe pàtàkì ló wà níbẹ̀ báyìí. Tàbí kẹ́ ẹ ti tú ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ gbọn eruku, kẹ́ ẹ yọ RAM kẹ́ ẹ tún tì í wọlé dáadáa, ẹ wá gbé ògo fún fọ́máàtì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni panic sì ń padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọn kì í kàn sọ ọ́ nígbà yẹn.

Ó dáa, mo gbà pé kernel fúnra ẹ̀ lè jẹ̀bi nígbà míì. CPU Celeron J1900 táwọn tó ń to ẹ̀rọ fíìmù fẹ́ràn gan-an, Bay Trail ni wọ́n ń pe ìdílé ẹ̀, òun náà dà wọ́n láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó bá ti fẹ́ sinmi díẹ̀ á kàn dì pa. Ohun tó sì ń gbà wọ́n ni `intel_idle.max_cstate=1` tí wọ́n ń fi sí ìlà tí kernel fi ń gbéra. Àwọn tó fọ́máàtì kàn ń fọ́máàtì lásán ni. Dráífà tí kì í ṣe ara kernel náà lè dá wàhálà sílẹ̀, ẹ wo ọ̀rọ̀ "Tainted" nínú log, tí P bá wà níwájú ẹ̀, dráífà tí kódù ẹ̀ ò hàn síta ti wọlé, tó bá jẹ́ O, wọ́n kọ dráífà kan níta kernel. M ni lẹ́tà tí ẹ ò fẹ́ rí, torí CPU fúnra ẹ̀ ló ń ké pé ara òun ò dá. Tó bá jẹ́ dráífà, ẹ yọ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà ẹ̀.

Torí náà tí tiyín bá ń kú, ẹ wọ BIOS (ibi sétíńgì ẹ̀rọ kí Linux tó gbéra), tí sétíńgì XMP bá wà ní títàn, ẹ pa á, torí ó ń mú kí RAM sáré kọjá ohun tí ìlànà ẹ̀ sọ. Tí panic bá ń pa ẹ̀rọ kí log tó dé dísíìkì, ẹ wo inú `/sys/fs/pstore` bóyá ó fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ lo netconsole, á máa ju gbogbo ohun tí kernel bá sọ sí kọ̀ǹpútà míì nínú ilé lórí nẹ́tíwọ̀kì (UDP, pọ́ọ̀tù 6666). Kẹ́ ẹ sì fi memtest86+ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó yípo ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ má wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kẹ́ ẹ ní ó dáa. Tó bá mú àṣìṣe ẹyọ kan ṣoṣo jáde pẹ̀lú XMP ní pípa, ẹ yọ RAM, ẹ fi wọ́n dán wò ní ìkọ̀ọ̀kan títí tẹ́ ẹ fi máa mọ èyí tó bàjẹ́, èyí tẹ́ ẹ bá rí, ẹ má dá a padà síbẹ̀ mọ́.