Bó Pẹ́, Bó Yá, Akólòlò Á Pe Baba

Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí. A máa ń pa á fún ẹni tó ń wáṣẹ́ tí kò rí, fún ẹni tó ń retí ọmọ, fún ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn. A ó pa á tán, a ó ní kó ṣe sùúrù, a ó sì máa bá tiwa lọ. Ẹni tí a pa á fún á mi orí, á dúpẹ́, á padà lọ jókòó sídìí ohun tó ń retí.

Èmi ò rí ìjókòó kankan nínú òwe náà o. Akólòlò tó bá panu dé, bó pẹ́, bó yá, kò ní í pe ẹnikẹ́ni. Ẹni tí òwe ń bá wí ni ẹni tó lanu, tí ọ̀rọ̀ há sí i lọ́fun, tí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, tó tún lanu. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan ló máa ń wá sí mi lọ́kàn tí wọ́n bá ti pa á, nítorí pé gbogbo òwe náà ló ṣẹ sí i lára, àti akólòlò, àti baba. James Earl Jones lorúkọ rẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ orúkọ, ẹ ó mọ ohùn. Òun ló fọhùn fún Mufasa, bàbá Simba, nínú The Lion King. Òun náà ni Ọba Jaffe Joffer tó gbé awọ kìnnìún kọ́ èjìká nínú Coming to America, bàbá ọmọ ọba tí Eddie Murphy ṣe.

Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1931 ni wọ́n bí i ní Arkabutla, ìletò kan ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Robert Earl Jones, bàbá rẹ̀, kò sí nílé láti ìgbà tí ọmọ ti wà lọ́mọ ọwọ́. Àwọn òbí ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tó di ọmọ nǹkan bí ọdún 5, àwọn àgbà náà kó ẹbí kúrò ní Mississippi, wọ́n gba ọ̀nà àríwá lọ, wọ́n sì ń dáko ní Michigan, bí ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ṣe ń sá fún òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà apá gúúsù nígbà náà. Àyípadà yẹn kò bá ọmọ lára mu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Àwọn ọmọdé ń fi í ṣẹ̀sín. Ó bá panu dé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oṣù kan tàbí méjì. Nǹkan bí ọdún 8 ni kò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níta. Bí olùkọ́ bá bi í ní ìbéèrè, ó ń kọ èsì rẹ̀ sórí ìwé. Àwọn ẹran ọ̀sìn inú oko bàbá ìyá rẹ̀ ni ó ń bá sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀. Ẹran kì í fi akólòlò rẹ́rìn-ín.

A ní òwe kan tí ì bá ti dá ọmọ yìí lẹ́bi lọ́jọ́ náà: ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, láti kékeré ni yóò ti máa ṣẹnu ṣámúṣámú. N kò bá òwe àwọn baba wa jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, iye ọmọ tí a ti fi òwe yẹn lé sẹ́yìn kì í ṣe kékeré. Ọmọ tí kò lè dáhùn nígbà tí àlejò kí i, a ó ní orí rẹ̀ kò pé. Ì bá ṣe pé a fi í díwọ̀n James, ta ni ì bá ronú pé ẹnu tí yóò máa jẹun lára ohùn rẹ̀ fún ọdún tó lé ní 60 ni èyí?

Olùkọ́ kan ló ṣí ilẹ̀kùn. Donald Crouch lorúkọ rẹ̀, ó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́ girama ní Brethren, ìlú kékeré kan ní Michigan. Ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́, ìjọba sì kó ọsàn gíréèpù láti apá gúúsù tó móoru wá fún àwọn ará Michigan nígbà òtútù. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ jẹ ọsàn náà, adùn rẹ̀ wọ̀ ọ́ lára, ló bá kọ ewì nípa rẹ̀. Crouch rí ewì yìí. Ó kà á. Ó wá sọ fún ọmọ náà pé ewì yìí dára ju ohun tí ó lè kọ lọ, pé bí kì í bá ṣe pé ó jí i kọ, kó dìde níwájú kíláàsì kó kà á lórí.

Ẹ wo ọgbọ́n àgbà. Kò ní kí ọmọ má bẹ̀rù. Kò bá a dárò, kò sì jágbe mọ́ ọn. Ibi tí iyì ọmọ wà gan-an ló ti fọwọ́ kàn án, nítorí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn kò lè dákẹ́, bó ti wù kí ẹnu wúwo tó. James dìde. Ó ka ewì rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì kólòlò níbì kankan. Ẹnu ya ìyókù kíláàsì, ẹnu ya òun náà.

A mọ̀ ọ́n nílé wa pé akólòlò kì í sábà kólòlò nínú orin. Ohun tó ní ìlù nínú máa ń gbé ahọ́n lọ, ewì sì ní tirẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú akólòlò mọ èyí, wọ́n sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n Crouch kò dúró síbẹ̀. Kò pàtẹ́wọ́ kó sì lọ sílé. Ó ń ní kí ọmọ máa ka ìwé sókè lójoojúmọ́, ó tì í sínú àríyànjiyàn ilé ẹ̀kọ́ àti ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. À ń pa òwe yẹn, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwa àgbà ọjà ló ń na ọwọ́? Òbí tí ọmọ rẹ̀ ń kólòlò, tó ń gbá a lẹ́nu, tàbí tó ń bá a parí gbogbo gbólóhùn rẹ̀ nítorí pé kò ní sùúrù, ó ń kọ́ ọmọ náà láti dákẹ́ ni. Ẹ dúró kó sọ ọ́ tán. Kódà bó bá gba ìṣẹ́jú kan, ẹ máa wo ojú rẹ̀, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Bí onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ bá wà ní ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín, ẹ gbé e lọ kó tó pẹ́ jù.

Àwọn tó máa ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń parí rẹ̀ síbi ewì ọsàn, bí ẹni pé wọ́n já okùn ahọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Irọ́ ni. Títí ayé rẹ̀ ló ń sọ pé akólòlò ni òun ṣì jẹ́, pé òun kàn mọ bí òun ṣe ń yan ọ̀rọ̀ tí ẹnu òun lè gbé ni. Ó lọ sí Yunifásítì Michigan, ó kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, ó yà sí eré orí ìtàgé. Ó ṣe ọ̀gá kékeré nínú iṣẹ́ ológun. Ní gbọ̀ngàn Ramsdell ní ìlú Manistee, káfíńtà ló kọ́kọ́ jẹ́: ó ń kan pákó ìtàgé mọ́ra kí àwọn ẹlòmíì tó gorí rẹ̀ ṣeré. Ibẹ̀ náà ló ti wá ṣe Othello nínú eré Shakespeare ní 1955, ipa tó tún padà sí léraléra.

Ní 1958 ó bá ara rẹ̀ ní Broadway, ojúkò eré orí ìtàgé ní New York, fún ìgbà àkọ́kọ́, nínú eré kan nípa Ààrẹ Roosevelt. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó wọlé kó sọ fún Ìyáàfin Roosevelt pé oúnjẹ alẹ́ ti délẹ̀. “Mrs. Roosevelt.” Lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn gan-an ló há. Ètè pa dé lórí M, kò ṣí. Gbogbo ilé ń wò, Ìyáàfin Roosevelt ń dúró. Ọ̀rọ̀ náà padà jáde, ó sọ ìyókù, ó kúrò lórí ìtàgé, ó sì padà wá lálẹ́ ọjọ́ kejì láti tún sọ ọ́. Èmi fẹ́ràn alẹ́ yẹn ju alẹ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ lọ.

Baba ńkọ́? Robert Earl Jones ti jẹ́ akànṣẹ́ rí kó tó di òṣèré, àwọn tó ń ṣọdẹ kọ́múníìsì ní Amẹ́ríkà sì ti ti ilẹ̀kùn sinimá mọ́ ọn. James ti dàgbà kó tó mọ̀ ọ́n ní ojúkojú. Nígbà tó dé New York láti kọ́ṣẹ́ eré, ọ̀dọ̀ bàbá yìí ló gbé, ó sì ń gbálẹ̀, ó ń nu ilẹ̀ láti fi jẹun. Ọkùnrin méjì tí wọn kò mọ ara wọn ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa jẹ́ bàbá àti ọmọ. Bàbá gbé ayé títí di 2006, ó lé ní ọdún 90, ó sì rí ohun tí ohùn ọmọ rẹ̀ dà.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Níbi yìí ni àwọn ọ̀dọ́ òṣèré wa ti lè rí ẹ̀kọ́ mú. Ọ̀nà sinimá há fún aláwọ̀ dúdú ní 1960, nítorí náà orí ìtàgé ló ti kọ́kọ́ gbòòrò. Ó ṣe akànṣẹ́ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n wò láti ara Jack Johnson nínú The Great White Hope, ó sì gba Tony, àmì ẹ̀yẹ eré orí ìtàgé, ní 1969. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di sinimá, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó lè gba Oscar, àmì ẹ̀yẹ sinimá. Ní 1987 ó tún gba Tony fún Fences, eré August Wilson, níbi tó ti ṣe Troy Maxson, bàbá líle kan tó ń kó ìpayà bá ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan péré, Ọba Jaffe Joffer, ẹ̀rín. Ní 1991, ó gba Emmy, àmì ẹ̀yẹ tẹlifíṣọ̀n, méjì lọ́dún kan náà. Kì í ṣe gbogbo sinimá tó ṣe ló dára o. Ó ṣe àwọn kan tí ẹnikẹ́ni kò ní í wò lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n kò sí ọdún tó jókòó.

Ti ohùn nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Nínú Star Wars, David Prowse, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì gíga kan, ló wọ aṣọ dúdú Darth Vader, ọ̀dájú inú sinimá náà. Jones wá wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ láti fọhùn fún Vader, wọ́n san $7,000 fún un. Kò ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sí i ní 1977, ó ní iṣẹ́ Prowse ni, pé òun kàn jẹ́ ara àwọn ìró àfikún ni. Ní ti ìkejì tó jáde ní 1980, Vader sọ fún Luke, ọ̀dọ́ akọni tó ń bá a jà, pé òun ni bàbá rẹ̀. Jones ka ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé eré, ó sì lérò pé irọ́ ni Vader ń pa! Ẹ rí i bí baba ṣe ń tẹ̀ lé akólòlò káàkiri.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti àwọn ọmọdé. Nígbà tí wọ́n ń dán Sesame Street, ètò tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọdé, wò ní 1969, wọ́n ní kó máa ka A, B, C. Ó ń kà á díẹ̀díẹ̀, ó ń dákẹ́ pẹ́ láàárín lẹ́tà kan sí èkejì. Àwọn tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ rí i pé nínú ìdákẹ́ yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ń pariwo lẹ́tà tó kàn kó tó ṣí ẹnu. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ohun tí wọ́n rí.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án 2024 ló kú, ó jẹ́ ẹni ọdún 93. Ọdún méjì ṣáájú, ó ti gbà kí ilé-iṣẹ́ Respeecher ní Yukréènì fi ẹ̀rọ kọ́ ohùn Vader láti ara ohun tó ti sọ sílẹ̀ látijọ́, kí wọ́n lè lò ó nínú Obi-Wan Kenobi, eré tẹlifíṣọ̀n kan tó jẹ́ ara ìtàn Star Wars. Àwọn òṣèré kan kò fẹ́ràn irú ìyẹn rárá. Èmi ò lè dá a lẹ́bi. Ohùn tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá, òun ló ni àṣẹ lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fọhùn fún ìpolówó rédíò àti eré ọmọdé nísinsìnyí, tí wọ́n ń fi ìwé àdéhùn lé lọ́wọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn sítúdíò, ẹ máa kà á. Ẹ béèrè iye ọdún tí wọ́n máa fi lò ó, ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ lè fi í sọ ohun tí ẹ kò sọ, ẹ sì béèrè ẹni tí owó máa bọ́ sí lọ́wọ́, kí ẹ tó fọwọ́ sí i.