AMH tó lọ sílẹ̀ kò ní kí obìnrin má bímọ

Èsì láàbù á dé, AMH (họ́mọ̀nù kan nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin) jẹ́ 0.6 ng/mL, ilé á sì dàrú: "Ẹyin rẹ̀ ti tán." Irọ́ ni.

Àwọn àpò wẹ́wẹ́ tí ẹyin ń dàgbà nínú wọn, nínú ilé ẹyin, ló ń tú AMH sínú ẹ̀jẹ̀. Iye rẹ̀ ń jẹ́ ká fojú díwọ̀n àpò tó máa dáhùn nígbà tí wọ́n bá ń gún abẹ́rẹ́ IVF, ìyẹn fífi àtọ̀ pàdé ẹyin nínú láàbù. Bóyá ẹyin ọ̀hún dára, ọjọ́ orí ni kí ẹ bi. Ẹyin kan ṣoṣo sì ni ẹni tó ń gbìyànjú nílé nílò lóṣù. Ìwádìí kan tí JAMA, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, gbé jáde ní 2017 tẹ̀ lé 750 obìnrin ọmọ ọdún 30 sí 44 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá oyún. Láàárín oṣù mẹ́fà, àwọn tí AMH wọn ò tó 0.7 ng/mL lóyún tó ìdá 65 nínú 100, àwọn tí tiwọn pé sì jẹ́ 62. (Àwọn tó ti ń wá ọmọ fún ọdún pípẹ́ ò sí lára wọn o.)

IVF ni AMH ti wúlò, pàápàá tí wọ́n bá fi skáànì tì í. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹrin nǹkan oṣù, wọ́n á ti ojú ara wò ó, wọ́n á ka gbogbo àpò tó wà láàárín mìlímítà 2 sí 10 ní ọ̀tún àti òsì. Bí kò bá tó 5, ẹyin díẹ̀ ni kí wọ́n máa retí. Bó bá lé ní 24, ìṣòro yí padà: abẹ́rẹ́ tó pọ̀ lè mú kí omi kún ikùn, kí mímí sì nira.

Ẹ wo òṣùwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà dáadáa. 5 pmol/L, 0.7 ng/mL péré ni, torí 7.14 ni ẹ máa fi pín in. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí máa ń fa AMH wálẹ̀. Biotin, fítámì tí wọ́n ń lò fún irun àti èékánná náà lè da èsì ẹ̀rọ láàbù kan rú.

Àṣìṣe tó ń jẹ owó jù ni "ẹ fi abẹ́rẹ́ kún un." Abẹ́rẹ́ kì í dá àpò tuntun, èyí tó wà nílẹ̀ lóṣù yẹn, tí ì bá kú, ló ń gbà là. Nínú ìwádìí OPTIMIST ní Netherlands, tó jáde ní 2017, àwọn tí àpò wọn ò tó 11 gba yúníìtì 225 tàbí 450 lójúmọ́, àwọn ẹgbẹ́ wọn gba 150. Iye tó bímọ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí ìgò kan bá jẹ́ yúníìtì 75, 450 fún ọjọ́ mẹ́wàá jẹ́ ìgò 60. 150 jẹ́ 20. Kí ẹ tó sanwó ìgò 40 tó lé yẹn, ẹ bi dókítà pé àpò mélòó ló kà lórí skáànì.