Àpótí Ni Wọ́n Ń Kàn fún Adìẹ, Kì Í Ṣe Ilé

Ọ̀rọ̀ àwọn káfíńtà tó ń kan ilé adìẹ fún wa ní Akúrẹ́ yìí ti sú mi pátápátá, n kò sì lè pa á mọ́ra mọ́. Láti Ọbá-Ilé títí dé Ìjọ̀kà, ẹ̀yìnkùlé yòówù tí mo bá yà sí, irú ilé kan náà ni mo ń bá níbẹ̀: pákó yíká, fèrèsé kan ṣoṣo tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, páànù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan adìẹ lórí, àti ìlẹ̀kùn tí àgbàlagbà kò lè gbà wọlé láti gbálẹ̀. Wọ́n kan àpótí, wọ́n sì gba owó ilé.

Adìẹ kì í làágùn. Bí ooru bá mú un, ẹnu ni yóò yà sílẹ̀ tí yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, tí yóò sì na apá méjèèjì kúrò lára kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún, nígbà tí oòrùn bá ń ta páànù láti àárọ̀, atẹ́gùn wo ni yóò fẹ́ sí èyí tó wà nínú pákó dídì? Ìgbẹ́ àti omi tó dà sílẹ̀ yóò pò mọ́ra, òórùn tó ń ta ni nímú tó sì ń fa omi lójú yóò gba gbogbo inú ilé, ìsàlẹ̀ tí ẹran wọ̀nyí ń gbé orí sí gan-an sì ni ó ti máa ń le jù. Lóòótọ́, lúkúlúkú, àrùn tó máa ń pa adìẹ, wà, oògùn àjẹsára rẹ̀ sì wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo adìẹ tó ń wúkọ́ tó ń ṣepin ni lúkúlúkú mú; òórùn yẹn náà lè fà á.

Mo ya ilé tí mo fẹ́ sórí ìwé fún ọ̀kan nínú àwọn káfíńtà yìí. Mo ní kí ó fi òkè ògiri méjèèjì sílẹ̀ fún nẹ́ẹ̀tì, kí ó ga ju ibi tí adìẹ yóò máa wọ̀ sí lọ, kí ooru lè rọ́nà jáde kí atẹ́gùn òru má sì máa lù wọ́n lára. Mo ní kí ẹ̀gbẹ́ tó kúrú kọjú sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, kí oòrùn má baà ráyè wọ inú rẹ̀ já. Ó ní, “Mo ti gbọ́, mà.” Nígbà tí mo padà dé, ó ti fi pákó dí gbogbo rẹ̀ pa, àfi fèrèsé kékeré kan. “Ẹ̀yin ìyá wa, adìẹ lásán mà ni. Ọwọ́ olè ni mo dí i fún.”

Olè wo? Nẹ́ẹ̀tì tó kàn sí ojú fèrèsé kékeré yẹn, ihò rẹ̀ tóbi débi pé ìka mi méjì gbà á kọjá, wáyà rẹ̀ sì rọ̀ bí ó ti fẹ́. Ejò yóò wọlé jẹ ẹyin, èkúté yóò wọlé jẹ oúnjẹ. Èyí tí ihò rẹ̀ kò ju ìdajì ínǹṣì lọ ni mo kọ sórí ìwé.

Ibùwọ̀ tó ṣe ńkọ́? Pẹlẹbẹ pákó kan tí etí rẹ̀ mú ni ó kàn mọ́ ògiri. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ, a ti gbọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n ta ni ó fi tipátipá gbé adìẹ tèmi lé okùn? Igi tó nípọn tó ínǹṣì 2 tí a ti fá etí rẹ̀ ni ó yẹ, kí adìẹ kọ̀ọ̀kan sì rí ínǹṣì 8 sí 10 gbé ara lé. Ohun tó tún ń bí mi nínú jù ni pé ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí igi pọ̀ sí tó báyìí, tí òkìtì lẹ́búlẹ́bú pákó tí à bá tẹ́ sílẹ̀ fún wọn ń jóná lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́míìlì, orí sìmẹ́ńtì tútù ni adìẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sùn.

Ọkùnrin náà wá ní kí n fi owó kún owó kí òun tó lè gé ibi tí mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. N kò ní fi kọ́bọ̀ kún un. Ìwé tí mo yà fún un wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó gbé ayùn wá, kí ó la òkè ògiri méjèèjì, kí ó tú nẹ́ẹ̀tì burúkú yẹn kúrò, kí ó tó bèèrè owó tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi.