Àyẹ̀wò Ibà Kò Gbọdọ̀ Mọ Sọ́dọ̀ Aláìsàn Nìkan

Ọ̀dọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná ni ìjọba Nàìjíríà ti ń wá ibà. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbé dé ilé ìwòsàn, tó ń bì, tí orí ń fọ́, òun ni nọ́ọ̀sì ń gún níka, ẹ̀jẹ̀ irú rẹ̀ náà sì ni àwọn onímọ̀ ń yẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá oògùn ṣì ń ran ibà. Bẹ́ẹ̀ àìmọye ènìyàn ló wà nígboro tí kòkòrò ibà ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ wọn, tí wọ́n ń lọ sóko, sọ́jà àti síléèwé, tí wọn ò sì mọ̀ rárá. Kò wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ wọ́n wò. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ lè fara pamọ́ sí kí a tó fura, ó sì yẹ kí iléeṣẹ́ ètò ìlera àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ 6 ilẹ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn dá wọ̀nyí wò lọ́dọọdún.

Ẹni tí ẹ̀fọn ti ń jẹ láti kékeré ní Ìsẹ́yìn tàbí Ìkòròdú, tí ibà ti ṣe léraléra, ara rẹ̀ á ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá kòkòrò náà jà débi tí kò fi ní dá a dùbúlẹ̀. Kòkòrò ọ̀hún kò ní tán níbẹ̀, yóò kàn kéré ni. Àwọn ọmọ iléèwé ló sábà máa ń gbé e kiri jù. Nígbà mìíràn ó máa ń kéré débi pé àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ìka ṣe ní kẹ́míìsì kò ní rí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀fọn bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹni náà, ó lè rí kòkòrò gbé nínú rẹ̀, yóò sì gbé e fún ọmọ aládùúgbò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sígbà náà. Nígbà tí ìjọba ṣe ìwádìí lórí ibà ní ọdún 2021, ọmọ 22 nínú 100 ni wọ́n bá kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn láàárín àwọn ọmọ oṣù 6 sí 59. Ilé ni àwọn olùwádìí ti lọ bá àwọn ọmọ náà. Ẹnikẹ́ni ò gbé wọn wá gba ìtọ́jú.

Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún lára wa yóò rántí Nivaquine, bó ṣe korò tó, àti bí ara ṣe máa ń yún àwọn mìíràn mọ́jú lẹ́yìn tí wọ́n bá lò ó. Síbẹ̀ ó ń wo ibà, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1960 ni kòkòrò tí chloroquine, oògùn inú Nivaquine, kò ràn yọjú ní ààlà Thailand àti Cambodia, àti ní Colombia. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, ó ti dé ìlà-oòrùn Áfíríkà. Láàárín àwọn ọdún 1980, ó dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ọdún 2005 ni Nàìjíríà tó yí ìlànà padà pé kí àwọn dókítà má fi ṣe oògùn àkọ́kọ́ fún ibà mọ́. Ní gbogbo ọdún tó wà láàárín yẹn, àwọn òbí ń ra oògùn tí agbára rẹ̀ ti ń lọ, wọ́n ń rọ ọ́ sọ́mọ lẹ́nu, ibà sì ń pa ọmọdé sí i jákèjádò ilẹ̀ Áfíríkà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún jẹ́ kí irú ìdúró bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Artemether-lumefantrine ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn oògùn tó rọ́pò rẹ̀. Coartem tàbí Lonart ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Oògùn méjì ló wà nínú rẹ̀. Artemether ń yára pa kòkòrò, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti kúrò lára. Lumefantrine ló ń dúró fún ọjọ́ mélòó kan láti pa ìyókù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí a lò ó lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí a sì jẹun tó ní ọ̀rá sí i. Lọ́jọ́ kejì, orí ò fọ́ mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa a sì tọ́jú ìyókù de ibà mìíràn.

Ní ọdún 2008, ìròyìn jáde láti ìwọ̀-oòrùn Cambodia pé ìdílé oògùn tí artemether ti wá kò tètè pa kòkòrò mọ́. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ kéde pé irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ti wà ní Rwanda. Ẹ wo èyí dáadáa: láàárín ọdún 2012 sí 2015 ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti rí i. Ó ti wà láàárín ìlú fún ọdún bíi márùn-ún kí ayé tó gbọ́ nípa rẹ̀. Uganda, Tanzania àti Eritrea ti wà lára àwọn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún báyìí. Nàìjíríà kò sí lára wọn, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Nínú ènìyàn 597,000 tí àjọ náà ní ibà pa lágbàáyé lọ́dún 2023, nǹkan bí 3 nínú 10 ló jẹ́ ti Nàìjíríà. Orílẹ̀-èdè tó ń sin òkú tó pọ̀ tó báyìí nígbà tí oògùn ṣì ń ṣiṣẹ́ kò lè ní òun yóò dúró wò ó.

Kòkòrò ibà tó ń gbé ara ẹnì kan lè ju irú kan lọ. Bí ẹni náà kò bá lo oògùn kankan, èyí tí oògùn ń pa ló sábà máa ń borí èyí tí oògùn kò ràn. Wọ́n rí i ní Malawi. Malawi pa chloroquine tì ní ọdún 1993. Nígbà tí àwọn olùwádìí tún gbìyànjú rẹ̀ wò ní Blantyre ní nǹkan bí ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, ó wo ọmọ 79 nínú 80. Ṣùgbọ́n bí ó bá rẹ ẹni kan yìí lọ́jọ́ Sátidé, tó ní "ó jọ pé ibà ni," tó lọ ra oògùn láìṣe àyẹ̀wò, tó lo ìdajì, èyí tó rọrùn láti pa á kú, èyí tó le á sì jogún ilé. Nítorí pé ara rẹ̀ ò gbóná, kò ní padà sílé ìwòsàn, ẹ̀fọn á sì máa mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ohun tí àwọn tí ara wọn dá ń gbé mì ló máa sọ bóyá àwọn ni yóò gbà wá tàbí àwọn ni yóò kó bá wa.

Ìjọba fúnra rẹ̀ náà ń fún àwọn kan tí ara wọn dá ní oògùn. Gbogbo aboyún tó bá forúkọ sílẹ̀ ni nọ́ọ̀sì yẹ kó fún ní oògùn ìdènà ibà irú Fansidar lójú ara rẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta kó tó bímọ, yálà ibà ń ṣe é tàbí kò ṣe é. A fara mọ́ ọn, nítorí ibà inú oyún ń pa ìyá, ó sì ń jẹ́ kí ọmọ kéré ní ìbí. Ṣùgbọ́n agbára oògùn náà ti dínkù ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà, ẹni tó bá sì ń fún gbogbo aboyún lóògùn gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lára wọn.

Iṣẹ́ náà ò le. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ aboyún lọ́jọ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó. Tí obìnrin náà bá gbà, kí wọ́n kán ẹyọ díẹ̀ sórí bébà, kó gbẹ, kí wọ́n fi sí àpò ìwé. Kò nílò fíríìjì. Kí wọ́n ṣe bákan náà fún àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, àti fún àwọn ọmọ iléèwé mélòó kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí òbí bá fọwọ́ sí i. Ibi tí wọn yóò ti ka àbùdá kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà kò jìnnà: ní Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Yunifásítì Redeemer's, ni wọ́n ti tú àbùdá kòrónà wò ní oṣù Kẹta ọdún 2020, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà.

Àwọn kan á ní kí wọ́n kúkú pín oògùn ibà fún gbogbo ìlú, kí kòkòrò lè tán lára wa. A kò fara mọ́ ọn níhìn-ín. Níbi tí ẹ̀fọn ti pọ̀ tó báyìí, tí ibà tuntun ń wọlé lójoojúmọ́, oògùn kan náà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà ló máa yára ṣa kòkòrò tó le jọ. Ó sàn kí wọ́n fi owó náà ra ohun àyẹ̀wò fún àwọn kẹ́míìsì àdúgbò, kí iye rẹ̀ má ju ti oògùn lọ, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni mẹ̀kúnnù kọ́kọ́ ń yà sí. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó fúnni lóògùn ibà. Ẹ̀yin tó ń tajà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣẹ́ káàdì oògùn sí méjì fún ẹni tí owó rẹ̀ ò pé.

Owó Amẹ́ríkà wà lára ohun tó gbé ìwádìí ọdún 2021 dúró, Amẹ́ríkà sì ti fa ọwọ́ sẹ́yìn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Nítorí náà, àwọn gómìnà la ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Ṣáájú 25 oṣù Kẹrin tó ń bọ̀, ọjọ́ tí ayé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ibà, kí kọmíṣánnà ètò ìlera ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì sọ iye tó wà nínú ìṣúná wọn fún àyẹ̀wò yìí. Bí èsì bá sì jáde, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí gbangba ní ìjọba ìbílẹ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀, láàárín ọdún tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà.