Èsì wa sí ẹ̀gbọ́n tó fún táyà 28 ní ìràwọ̀ méjì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ sì kú ìnáwó. A ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ní táyà kẹ̀kẹ́ 28 (fífẹ̀ ẹ̀ ní mìlímítà nìyẹn) tí ẹ rà lọ́wọ́ wa ní Ìkòròdú jò lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó dé Itoikin, pé kò sáré tó 23 tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀, pé nọ́ńbà 622 tó wà lára ẹ̀ fi hàn pé ayédèrú ni, àti pé torí a fẹ́ ta ọjà olówó gọbọi la ò ṣe ta 23 fún yín. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn níbí, torí àwọn mìíràn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́ náà ń kà á.

Jíjò yẹn ni màá kọ́kọ́ mú. Ẹ ṣeun tí ẹ fi fọ́tò túùbù síbẹ̀, torí òun ló tú gbogbo ọ̀rọ̀ síta. Ihò kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàṣì tí fọkanáísà lẹ̀ mọ́ ihò àkọ́kọ́, kò jìnnà sí i ju ìbú ìka kan lọ, apá ìta túùbù níbi tó ti kan ojú táyà ni méjèèjì sì wà. Ká ní afẹ́fẹ́ ló kéré tí ẹ já sí kòtò ni, rímù ìbá ti tẹ túùbù pa, ihò méjì tó dojú kọra ni ẹ̀ bá sì rí, bí ibi tí ejò bá bu èèyàn jẹ. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Wáyà ló wà nínú táyà yẹn, ó sì ṣeé ṣe kó ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ mọ bí tírélà ṣe pọ̀ tó lójú ọ̀nà Imota. Bí táyà wọn bá bẹ́, rọ́bà ẹ̀ á fọ́n sí ẹ̀gbẹ́ títì, irin tín-ín-rín inú ẹ̀ á sì máa já wẹ́wẹ́. Ẹ̀gbẹ́ títì yẹn gan-an làwa oníkẹ̀kẹ́ ń sá sí nítorí dánfó. Irin yẹn á gún táyà wọlé, á kúrú débi pé ẹ ò ní rí i láti ìta. Fọkanáísà yọ túùbù, ó lẹ̀ ẹ́, ó dá a padà, kò wo inú táyà. Mi ò bá a wí, táyà ọkọ̀ ló ń bá ṣeré lójoojúmọ́.

Nígbà tí à ń wọ táyà náà fún yín, a fi orúkọ tó wà lára ẹ̀ kọjú sí ẹnu fáàfù. Kì í ṣe torí ẹwà. Bí túùbù bá jò, ẹ tẹ́ ẹ lé táyà, kí fáàfù wà níbi orúkọ, ibi tí ihò bá bọ́ sí lára táyà ni kí ẹ ti wá ohun tó gún un. Bí ẹ ò bá mọ̀ bóyá ẹ yí túùbù sódì, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì. Ẹ mú òwú, ẹ fà á yíká inú táyà jẹ́jẹ́, ibi tí òwú bá há sí, wáyà wà níbẹ̀. Ẹ má fi ìka wá a o, ẹ̀jẹ̀ á jáde. Ẹ̀mú kékeré lẹ máa fi fà á yọ.

Ó kan ọ̀rọ̀ eré sísá. Ẹ ní ẹ máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí 23 yẹn dé 120 PSI lórí gééjì. Mo gbà pé ó ń ṣe yín bíi pé ẹ ń fò, torí gbogbo ara yín ló ń gbọ̀n. Táyà tó le gbagidi kì í gbé òkúta mì, ńṣe ló ń gbé kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó wà lórí ẹ̀ fò sókè, agbára tó ń gbé yín fò yẹn kò sì wá láti ibòmíràn ju ẹsẹ̀ yín lórí pẹ́dàlì lọ. Lórí ọ̀dà tuntun tó tẹ́jú, ẹ lè má mọ̀ ọ́n lára. Lórí títì wa, bí ẹ bá fi máa dé Ẹ̀pẹ́, ọwọ́ á ti kú, ẹ̀yìn á ti máa ro yín. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun ní Tour de France, 23 ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. 28 ló wọ́pọ̀ lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ wọn báyìí, títì ọ̀hún sì dára ju tiwa lọ. Ẹ wo aago yín nígbà tí ẹ bá dé, ẹ fi wé ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ ní ẹ tó kílò 80. Ẹ fẹ́ táyà ẹ̀yìn dé 80 PSI, ti iwájú dé 70, torí ẹ̀yìn ló ru ẹrù jù. Bí òjò bá rọ̀, ẹ dín in kù díẹ̀. Nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ sára táyà, òpin ni, kì í ṣe àṣẹ. Kí ẹ sì fi gééjì wò ó kí ẹ tó jáde, torí àtàǹpàkò ò lè mọ ìyàtọ̀ 70 sí 110.

Ti 622: 700x28C àti 28-622, táyà kan náà ni. 28 ni fífẹ̀ ẹ̀ ní mìlímítà, 622 ni ìwọ̀n ibi tó ti jókòó sórí rímù. Èyí tó yẹ kí ẹ̀rù bà yín ni 630, ti àwọn kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 27. Ó jọ 700 lójú, ṣùgbọ́n kò ní wọ̀ ọ́.

23 wà ní ṣọ́ọ̀bù, à ń tà á. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé Ẹ̀pẹ́ lẹ fẹ́ máa lọ, àlọ àti àbọ̀. Ká ní bírékì kẹ̀kẹ́ yín gbà á, 32 là bá fún yín. A wọ̀n ọ́n lójú yín, 28 ló gbà. Lóòótọ́, ó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ máa mọ̀ ọ́n bí ẹ bá ń gun òkè. Ìgbànú tó wà lábẹ́ ojú ẹ̀ tó ń dènà àfọ́kù ìgò ló fà á, ibẹ̀ náà ni owó wọlé sí. Táyà ìdajì owó tí ẹ rí níbòmíràn, tí wọ́n fi kọ́ sínú oòrùn, ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó ká, kí ẹ wò ó bóyá kò ní sán.

Ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan wá, ẹ má wulẹ̀ gbé odindi kẹ̀kẹ́. A ó tú táyà níwájú yín. Bí a ò bá rí wáyà, tó jẹ́ pé táyà ló ní àbùkù, a ó fún yín ní òmíràn. Bí a bá rí i, a ó yọ ọ́, a ó sì lẹ túùbù lọ́fẹ̀ẹ́. Aago mẹ́sàn-án la máa ń ṣí. A kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú.